Ẹran tó dúdú lórí àtẹ: oúnjẹ ló fà á

Ẹran màlúù kan wà tí oníbàárà tó mojú ọjà kì í fẹ́ rà: ó dúdú bí ẹ̀dọ̀, ó le, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kì í sì í pẹ́ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ á rò pé ẹran àná ni. Ó lè jẹ́ òwúrọ̀ yìí ni wọ́n pa á.

Inú iṣan ni màlúù ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sí. Glycogen ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí wọ́n bá dúńbú màlúù tán, ṣúgà yìí á máa di ásíìdì díẹ̀díẹ̀. Òṣùwọ̀n ásíìdì tí wọ́n ń pè ní pH, tó wà ní nǹkan bí 7 nígbà tí ẹran wà láàyè, á wálẹ̀ sí nǹkan bí 5.5 láàárín wákàtí 24. Ásíìdì yẹn ló ń jẹ́ kí ẹran pọ́n dáadáa, òun náà ló ń dí kòkòrò lọ́wọ́. Màlúù tí ebi ti pa, tó sì ti rin ìrìn àjò tàbí tó ti jà nínú ọkọ̀, ti ná ṣúgà tirẹ̀ tán. Bí pH bá wá dúró sí nǹkan bí 6, ẹran á dúdú.

Ní Àgọ́-Àmọ́dù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀rọ̀ yìí le jù. Koríko á gbẹ, iná á jó ìgbẹ́, pòròpórò ọkà bàbà á sì di oúnjẹ màlúù.

Ṣé oògùn inú oúnjẹ ẹran kò lè ràn wá lọ́wọ́? Ractopamine ń mú iṣan pọ̀, ó ń dín ọ̀rá kù. Wọ́n ń lò ó ní Amẹ́ríkà, àmọ́ Ṣáínà àti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè é. Lọ́dún 2013, ilé iṣẹ́ oògùn Merck dáwọ́ títa Zilmax, oògùn mìíràn tó jọ ọ́, dúró ní Amẹ́ríkà àti Kánádà lẹ́yìn tí wọ́n rí màlúù tí kò lè rìn dáadáa. Fítámì E ń jẹ́ kí àwọ̀ pupa pẹ́ lára ẹran. Kò sí èyí tó ń dá ṣúgà padà sínú iṣan tí ebi ti gbẹ.

Ohun tó lè ṣe é wà lẹ́yìn ilé gàrí, níbi tí èèpo ẹ̀gẹ́ ti ń ga bí òkìtì, tí ewúrẹ́ ń tú u kiri. Májèlé sáyánáìdì wà nínú èèpo tútù. Àwọn olùwádìí ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn wá ń rin ín, wọ́n ń fún omi rẹ̀, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n sì ń sá a: nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ gbígbẹ. Agbára ló pọ̀ nínú rẹ̀, purotéènì kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pò ó mọ́ ewé ẹ̀pà tàbí ewé ẹ̀wà.

Kí alápatà má ṣe retí pé oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo á tún un ṣe. Ó máa ń gba màlúù tó ti rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, pẹ̀lú omi àti ìsinmi, kí ṣúgà náà tó padà.