Lẹ́tà Kíki àti Orúkọ Ìlú

Láàrin ọdún 1810 sí 1820 ni Vincent Figgins, tí ń rọ lẹ́tà òjé ní London, gbé lẹ́tà kan jáde: ara rẹ̀ ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí a bá mú irú rẹ̀ tẹ̀ sápá ọ̀tún, ó yẹ pátákó àti àkọlé. Kò yẹ ìwé kíkà gígùn.

Ẹ wo Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó. Orúkọ méjèèjì ní àmì lókè àti nísàlẹ̀. Bí lẹ́tà bá ki jù, àmì ìsàlẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá tẹ̀, àmì ohùn a yẹ̀ kúrò lórí fáwẹ̀lì rẹ̀. Nítorí náà, àyè àmì ni kí ayàlẹ́tà kọ́kọ́ wọ̀n. Ẹwà kò gbọdọ̀ gba orúkọ lọ́wọ́ ìlú: “Oka” lásán kì í ṣe Ọ̀kà.