Ṣé O Mọ̀? Owó Ìjọba Lẹ́yìn Iṣẹ́ Ọnà Òṣogbo

Ṣé o mọ̀ pé ilé ọtí ni gálẹ́rì tó sọ Òṣogbo di ìlú mọ̀ọ́ká tẹ́lẹ̀? Popular Bar ni wọ́n ń pè é, Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ló ni ín. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, olùkọ́ kan tó wá láti Jámánì, sọ ọ́ di Mbari Mbayo. Wọ́n ń fi àwòrán hàn níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe tíátà níbẹ̀. Ní 1964, eré Ládiípọ̀, Ọba Kò So, ti dé Berlin.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn òṣèré náà ló ń ya àwòrán? Jímọ̀ Búráímọ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń lẹ̀ sórí pátákó sọ di olókìkí, òun ló ń tọ́jú iná nígbà tí ẹgbẹ́ Ládiípọ̀ bá ń ṣeré. Oníjó ni Táíwò Ọláníyì, ìyẹn Twins Seven Seven, nígbà tó dé ibẹ̀. Múráínà Oyèlámì, ọmọ Ìràgbìjí, wà nínú ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí Denis Williams, ará Guyana, ṣe, àti èyí tí Georgina Beier ṣe ní 1964, ló ṣí ọ̀nà fún wọn. Ẹni tó bá rò pé owó kékeré kò lè so èso ńlá, kó wo ọ̀rọ̀ Òṣogbo dáadáa.

Ṣé o mọ ibi tí owó ti wá? Ibí yìí ni kí a fara balẹ̀ sí.

Mbari ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó ṣáájú ti Òṣogbo ní ọdún kan, gba owó lọ́wọ́ àjọ kan tó ń jẹ́ Congress for Cultural Freedom, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Paris. Ulli Beier kan náà àti Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dá Mbari náà sílẹ̀. Àjọ yìí ń fún àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán lówó káàkiri ayé. Nígbà tó di 1966 sí 1967, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tú àṣírí jáde pé CIA, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló ń fi owó ránṣẹ́ sí àjọ náà lábẹ́lẹ̀. Owó orí àwọn ará Amẹ́ríkà ni, àmọ́ wọn kò sọ fún àwọn tó san án, wọn kò sì sọ fún àwọn tó gbà á. Ìyàlẹ́nu ńlá ló jẹ́ fún Ṣóyínká àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi kò ní bú iṣẹ́ tí owó náà ṣe, nítorí iṣẹ́ rere ni. Ohun tó dùn mí ni pé ìjọba tiwa, tó ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ará Òṣogbo lójúmọmọ, kò fi irú owó bẹ́ẹ̀ lélẹ̀ ní gbangba kí àlejò tó fi tirẹ̀ lélẹ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba wa lè náwó fún ọnà bó bá fẹ́? Awólọ́wọ̀ fi owó ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn ní October 1959, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà dúdú. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti mọ ojú aláwàdà Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí n'Íléṣà ní 1936. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ gbé FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, kalẹ̀ l'Ékòó, láti January 15 títí di February 12.

Àmọ́ nígbà tí Bàbá Sàlá fẹ́ ṣe sinimá tirẹ̀, Ọ̀run Móoru, ní 1982, orí ara rẹ̀ ló fi rù ú. Àwọn olè ṣe àdàkọ fíìmù náà, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì dé bá aláwàdà náà. Iléṣà náà ló kú sí ní October 2018. Bó bá jẹ́ pé owó ìrànwọ́ ìjọba wà lẹ́yìn fíìmù yẹn ni, àdánù náà ì bá má dá lé e lórí.

Ṣé o mọ̀ pé ìlànà àṣà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1988 sọ pé kí a dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọnà? Béèrè lọ́wọ́ ayàwòrán èyíkéyìí l'Òṣogbo ibi tó ti lè gba fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yáwó ni owó tó dé lẹ́yìn ìlànà náà? Ní 2019, báńkì àpapọ̀ àtàwọn báńkì yòókù gbé owó kalẹ̀ fún aṣọ rírán, orin, fíìmù àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èlé rẹ̀ kò ju 9% lọ. Orúkọ ayàwòrán àti agbẹ́gilére kò sí níbẹ̀. Ìpàtẹ àwòrán sì kì í ṣe ọjà tó ń mú èlé wálé lóṣooṣù: ènìyàn á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, á wò ó, á ronú, á sì máa lọ. Ta ni yóò fi owó èlé ṣe ìyẹn?

Ṣé o mọ ohun tí ìpàtẹ kan ń ná ni? Gbọ̀ngàn, férémù, ọkọ̀ tí yóò kó iṣẹ́ láti Iléṣà wá, ẹ̀ṣọ́ òru, ìkéde lórí rédíò. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ fídíò, fi pirojẹ́tọ̀ kún un, kí o fi jẹnẹrétọ̀ àti dísù kún un. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń rántí ayàwòrán, bí wọ́n bá rántí.

Ní Kánádà, láti 1975 ni àjọ ìjọba tó ń fún iṣẹ́ ọnà lówó ti pàṣẹ pé gálẹ́rì tó bá ń gba owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó fún ayàwòrán tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ògiri, yálà ó tà á tàbí kò tà á.

Ṣé o mọ̀ pé owó ìjọba ìlú London wà nínú ọkọ̀ ojú omi inú ìgò tí Yinka Shonibare gbé sí Trafalgar Square ní 2010, tí ìgbòkun rẹ̀ jẹ́ àǹkárá? Pé ilé Iwalewahaus, tó kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Òṣogbo pamọ́, wà lábẹ́ yunifásítì ìjọba ní Bayreuth, Jámánì, láti 1981? Pé owó tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ń yà sọ́tọ̀ fún ohun àjogúnbá wà lára ohun tí wọ́n fi tún ojúbọ Busanyin ṣe nínú igbó Ọ̀ṣun, igbó tí àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Àdùnní Olórìṣà àti Adébísí Àkànjí fi ère kún, tí UNESCO sì kà mọ́ àjogúnbá ayé ní 2005?

Ìjọba Ọ̀ṣun náà ti gbìyànjú: CBCIU, ibùdó àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wà l'Òṣogbo, ra àkójọ iṣẹ́ àti ìwé Ulli Beier padà sílé. Mo yìn wọ́n fún un. Àmọ́ ohun àná nìyẹn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ń kọ́?

Ẹ̀yin aṣòfin wa l'Òṣogbo, ẹ kọ owó ìpàtẹ sínú ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹ kéde ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè yóò parí, ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà ṣe ìdájọ́, kí ẹ sì tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó bá gbà á àti iye tó gbà sójú ìwé ìròyìn. Ìwọ ayàwòrán, bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ, kọ iye tó ná ọ sílẹ̀, kí o sì kọ̀wé béèrè.