Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Ọ̀tá Tí Ń Bá Lupus Rìn

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe àgbà yìí bá àrùn tí à ń pè ní lupus mu gẹ́lẹ́, nítorí pé àwọn ọmọ-ogun tí Elédùmarè fi sínú ẹ̀jẹ̀ láti máa lé kòkòrò àrùn sẹ́yìn ni wọ́n yíjú padà, tí wọ́n dojú ìjà kọ oríkèé, awọ ara, ọkàn àti kíndìnrín ẹni tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Nínú ènìyàn 10 tí ó ní in, nǹkan bí 9 ni obìnrin, àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 44 ni ó sì máa ń mú jù. Ó wọ́pọ̀ láàrin àwa ènìyàn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ.

Nígbà tí a bá dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru, arúgbó ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ bá; ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní lupus kò nílò kí ó dàgbà kí ó tó kó sí i lọ́wọ́. Kíndìnrín, tí ń yọ iyọ̀ àti omi tí ó pọ̀ jù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ni lupus ń ṣe lọ́ṣẹ́ lára ohun tí ó tó ìdajì àwọn àgbà tí wọ́n ní in. Bí kíndìnrín bá sì ti fara gbọgbẹ́, iyọ̀ àti omi a dúró sára, ẹ̀jẹ̀ a máa fi ipá ti ògiri iṣan, ipá náà a sì tún padà wá ba kíndìnrín jẹ́ sí i. Prednisolone, oògùn lupus tí ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ikú, a máa dá iyọ̀ àti omi dúró bákan náà, pàápàá bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ tí ó sì pẹ́; ibuprofen tí a ń rà fún oríkèé ríro náà a sì máa fi kún un.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sáàbà fi àmì kankan hàn títí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn yóò fi dé. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàrin àwọn obìnrin ẹni ọdún 35 sí 44, àwọn tí wọ́n ní lupus fara kó ewu ìkọlù ọkàn ní ìlọ́po tí ó ju 50 lọ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní in lọ.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Nítorí náà, ẹ̀yin tí lupus ń bá fínra, ẹ jẹ́ kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, kí a sì máa yẹ ìtọ̀ yín wò. Bí ìtọ̀ bá ń hó bí ọṣẹ tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń wú, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ẹ dín iyọ̀ àti mágí kù, ẹ jìnnà sí sìgá. Ẹ má ṣe dédé já prednisolone sílẹ̀, nítorí pé ewu ńlá ni. Dókítà ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń lo lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń gbèrò oyún, kí ó sọ fún dókítà kí ó tó lóyún, nítorí pé oògùn náà lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá.