Omi ni kí ẹ sáré bù, kì í ṣe epo pupa

Bí nǹkan bá jó ọmọ lára ní ilé wa, epo pupa ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ásíìdì ni ó ta sí i, ìbáà ṣe ti inú bátìrì ọkọ̀ tàbí èyí tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, epo kò lè gbà á. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí a ṣe so àwọn èròjà wọn pọ̀.

Átọ́ọ̀mù méjì lè so pọ̀ nípa jíjọ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, bí orogún méjì tí ó jọ ní ọkọ kan. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ìpín orogún kì í sábà dọ́gba. Ní 1932, Linus Pauling ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún agbára tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan fi ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra. Lórí òṣùwọ̀n náà bí a ti ń lò ó lónìí, háídírójìn gba 2.20, kábọ̀n 2.55, kúlóríìnì 3.16, ọ́síjìn 3.44.

Háídírójìn àti kúlóríìnì ni ó so pọ̀ nínú ásíìdì tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ilé ìgbẹ́. Kúlóríìnì fa ìpín tí ó pọ̀ jù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, agbára iná apá kan sì wá yàtọ̀ sí ti apá kejì. Bákan náà ni ọ́síjìn ṣe ń ṣe nínú omi. Nítorí náà ni omi ṣe ń di ásíìdì mú, tí ó ń là á, tí ó sì ń gbé e lọ.

Epo pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Ásíìdì kan tí ó pọ̀ nínú èròjà rẹ̀, tí àwọn òyìnbó sọ lórúkọ ọ̀pẹ, ní kábọ̀n 16 tí ó tò gbọọrọ, háídírójìn sì rọ̀ mọ́ wọn. Ẹ tún wo 2.55 àti 2.20: ìpín àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, omi kò sì rí ibi dì mú. Ìdí nìyẹn tí epo kì í fi í dà pọ̀ mọ́ omi ọbẹ̀. Bí ẹ bá fi epo pa ibi tí ásíìdì ta sí, ẹ kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni, omi kò sì ní í ráyè dé ibẹ̀ dáadáa.

Ẹ tètè bọ́ aṣọ tí ásíìdì kàn. Ẹ da omi tí ó mọ́ sí ojú ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ó kéré tán fún 20 ìṣẹ́jú. Kí omi náà pọ̀ o! Omi díẹ̀ a máa mú kí ásíìdì bátìrì gbóná sí i. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, ẹ dẹ orí ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi má baà ṣàn wọ ojú kejì. Bí ó bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo, ẹ má sì mú un bì, nítorí yóò tún jó ọ̀nà ọ̀fun bí ó ti ń padà bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.