Ta Ló Ń Jẹ Ọmọ Ẹja Yín?

Bí ọmọ ẹja àrọ̀ bá ń dín kù nínú táńkì, tí ẹ kò sì rí òkú, ẹ má tètè fẹ̀sùn kan ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ọmọ ìyá wọn tó tètè dàgbà ló ń gbé wọn mì, pàápàá bí ebi bá ń pa wọ́n.

Fún bí ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, ohun tó wà níkùn wọn láti inú ẹyin tó wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, nígbà púpọ̀ lóòjọ́.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó fún wọn lóúnjẹ àárọ̀, ẹ dà wọ́n sínú ike oníhò tó wà nínú omi. Àwọn kékeré yóò gba ihò jáde. Ẹ kó àwọn ńlá tó kù lọ sí táńkì mìíràn.