Kí Ló Ń Gbé Rédíò Aládàáni Kékeré Ró?

Ẹ̀yin ará Paparanda, Òfin 38 ti ọdún 1992 ló fún aládàáni láyè láti dá rédíò sílẹ̀. Ray Power sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1994. Iṣẹ́ ọba tí mo ṣe kọ́ mi pé ká ṣírò ìnáwó kí a tó ṣírò èrè. Rédíò tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣiṣẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ owó ìwé àṣẹ, owó oṣù àti epo jẹnẹrétọ̀. Ìpolówó kéékèèké ló ń gbé e ró: ìkéde ìsìnkú, ìgbéyàwó, ọjà títà. Bí olóṣèlú kan ṣoṣo bá ń bọ́ ọ, ẹnu tó jẹ dòdò kò ní lè sọ òdodo. Bẹ́ẹ̀, nígbà omíyalé 2012 àti 2022 ní Lọ́kọ́jà, òdodo la nílò. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ pọ̀, bí owó ẹnì kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ kéré.