Láti ìpàdé ẹbí dé ilé ẹjọ́ Pobè

Bí bàbá kan bá papòdà ní Sakété, òkú kì í pẹ́ wọlẹ̀ tán tí ẹbí á fi pe ìpàdé. Olórí ẹbí á jókòó, àwọn àbúrò olóògbé á dé, àwọn ọmọkùnrin á tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ìyá àgbà tó mọ ìtàn ilẹ̀ náà á wà nítòsí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti sọ ẹni tí yóò máa mójú tó oko ọ̀pẹ, ẹni tí yóò máa gbé inú ilé, àti ẹni tí gbèsè bàbá yóò já lé léjìká. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí i po lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹlẹ́rìí ni wọ́n á fi pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tó ń ka èyí ló ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ilé ẹjọ́ Pobè, tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwa ará ẹkùn Plateau ní Benin, kò bá ìpàdé yìí jà. Ó tilẹ̀ ń bèèrè rẹ̀. Ẹbí tó bá fẹ́ gba owó tí olóògbé fi sí báńkì, tàbí tó fẹ́ kí wọ́n yí ìwé ilẹ̀ sí orúkọ àwọn ọmọ, ìwé ìpàdé ẹbí ni wọ́n á kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú wá. Procès-verbal de conseil de famille ni ìjọba ń pè é. PV ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ilé ẹjọ́ á yẹ PV náà wò, á fọwọ́ sí i, ìpinnu tí wọ́n ṣe lábẹ́ igi máńgòrò á sì di ohun tí báńkì kò lè kọ̀. Ọ̀nà ti wà láti ìyẹ̀wù wa dé iwájú adájọ́. Ẹni tí yóò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe yẹ ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹni náà ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, paralegal ni wọ́n ń pè é, ọdún méjì tàbí mẹ́rin sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ iṣẹ́ náà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń wá ìwé, ó ń to fáìlì, ó ń kọ ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ de ọ̀gá rẹ̀ kí ìyẹn tó buwọ́ lù ú. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ rojọ́ fún ẹnikẹ́ni níwájú adájọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gba oníbàárà nímọ̀ràn òfin fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ adúláwọ̀, ọ̀nà mìíràn ni iṣẹ́ yìí gbà dàgbà, nítorí pé ìlú ńlá ni àwọn agbẹjọ́rò kó ara wọn jọ sí. Parajuriste, bí Faransé ṣe ń pe tiwa, àárín ará ìlú ló ń gbé. Ní Benin níbí, AFJB, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ti kọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣàlàyé òfin ìdílé fún ará abúlé. Ní òdìkejì ẹnubodè Ìgóló, òfin Nàìjíríà ti 2011 lórí ìrànlọ́wọ́ fún aláìní tó ní ẹjọ́ fàyè sílẹ̀ láti fún wọn níwèé àṣẹ. Sierra Leone náà dá wọn mọ̀ nínú òfin tirẹ̀ ní 2012.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà nítòsí. Ká ní bàbá kan kú ní Sakété, ó fi ìyàwó méjì sílẹ̀, ọmọ mẹ́fà, oko ọ̀pẹ kan àti ilé kan. Ọmọ ẹbí kan tó ń ka òfin mú bírò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun kọ PV. Ìwé ikú bàbá ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà ló kan ìwé ìbí àwọn ọmọ, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan kò ní ìwé ìbí rárá. Ó di dandan kí wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́ lọ gba jugement supplétif, ìwé tí adájọ́ fi ń dípò èyí tí kò sí. Èkejì dàgbà sí Èkó: Adesina ló wà lórí ìwé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ Adéchina ló wà lórí ìwé bàbá, nítorí pé Faransé ló kọ ọ́ síbí, Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́ sọ́hùn-ún. Gbogbo ilé mọ̀ pé ọmọ bàbá ni. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ méjì ló rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa á tún yíjú sí olórí ẹbí pé, “Bàbá, ẹ má bínú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dà? Wọn ò tíì jókòó.” Bàbá á ní wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi sùúrù dáhùn pé bí orúkọ wọn kò bá sí nínú ìwé, ìwé náà lè pa dà láti Pobè láìní ọwọ́ adájọ́, owó ọkọ̀ á sì ṣòfò.

Kì í ṣe àfojúdi. Òfin 2002-07, ìyẹn òfin ènìyàn àti ìdílé tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, kò fi ọmọkùnrin ṣáájú ọmọbìnrin nínú ogún. Ó tún sọ pé níbi tí òun bá ti sọ̀rọ̀, àṣà kò ní agbára òfin mọ́. Àwọn àgbà kan ń kùn sí i títí dòní, mo sì mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ní “àṣà wa”, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n rántí Coutumier du Dahomey. Ní 1931, àwọn aláṣẹ Faransé kó àṣà oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ sínú ìwé kan, wọ́n sì ka obìnrin mọ́ ohun tí wọ́n ń jogún. Ìwé yẹn ni àwọn adájọ́ ń tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí Kóòtù Òfin Ìpìlẹ̀ (Cour constitutionnelle) tó wí ní 1996 pé kò ní agbára òfin kankan. Nínú ohun tí a ń pè ní ti baba ńlá wa, èyí tí bírò òyìnbó kọ wà níbẹ̀.

Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ PV yìí ti kọ́ gbogbo èyí? Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba tí mo mọ̀ ní Plateau tó ń kọ́ni ní òfin. Ẹ̀ka Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ni Sakété ní. Lẹ́yìn BAC, Yunifásítì Abomey-Calavi lọ̀pọ̀ wọn ń lọ, ní FADESP, ẹ̀ka ìmọ̀ òfin àti ìṣèlú. Ọdún mẹ́ta, 180 kírédíìtì, ni líísáǹsì. Ìdánwò tó fẹ́ jọ ìpàdé ẹbí jù níbẹ̀ ni cas pratique. Wọ́n á gbé ìtàn kan kalẹ̀, ìjà ilẹ̀ tàbí ìgbéyàwó tó dàrú, akẹ́kọ̀ọ́ á yọ ohun tó ṣe kókó nínú rẹ̀, á sọ ìbéèrè tí òfin ní láti dáhùn, á wá ẹsẹ òfin tó bá a mu, á sì dájọ́. Ọmọ tó ti ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń la ìjà láti kékeré á ti mọ bí wọ́n ṣe ń ya kókó sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Ohun tó máa ń fún un lọ́rùn ni Faransé òfin, tí gbólóhùn kan ṣoṣo lè gùn bí ọ̀nà Kétou. Ó gbọ́dọ̀ fi Faransé yẹn yege ní Calavi, kó sì wá fi Nàgó sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ nílé. Ní tèmi, apá kejì yẹn ló le jù, kò sì sẹ́ni tó ń fún un ní máàkì lórí rẹ̀.

Ààlà wà o. Líísáǹsì kò sọ ẹnikẹ́ni di avocat, ìyẹn agbẹjọ́rò. Ó ṣì ku máàsítà, ó ku CAPA, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, ó ku kí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò gbà á wọlé. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ opó kan pé òun á bá a rojọ́ ní Pobè, oníjìbìtì ni, bó tilẹ̀ ka òfin fún ogún ọdún. Iṣẹ́ tó tọ́ sí ẹni tó ní líísáǹsì pọ̀ tó: ọ́fíìsì notaire, ọ́fíìsì avocat, mérì, àwọn ẹgbẹ́ àfọwọ́sowọ́pọ̀ ayánilówó, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ti 2013 ti jáde, ìwé ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ìdílé tó bá sì ń fi ẹnu nìkan ta ilẹ̀ ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ de àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Owó iṣẹ́ yìí kì í pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tan ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀yin olórí ẹbí ní Pobè, Sakété, Ìfànyìn àti Adja-Ouèrè, bí ọmọ yín tó ń ka òfin ní Calavi bá wálé, ẹ má fi í sídìí ìgbálejò nìkan. Ẹ pè é jókòó sí ìpàdé, ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àwọn ọmọbìnrin yín láti ilé ọkọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ.